Ìgò Mẹ́ta Tí Mo Bu Kai-kai Sí

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ń fẹ́ kó kúrò. Ọjọ́ náà ni mo lo gbogbo òye mi, tó kéré gan-an, ní Port Harcourt níbí.

Oríkèé àtọwọ́dá tí wọ́n fi sí Bàbá mi ní ìgbáròkó ti ń mì, ìrora ò jẹ́ kó lè rìn. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá kòkòrò àrùn ló tú u. Tó bá jẹ́ kòkòrò, wọ́n gbọ́dọ̀ pa á kí wọ́n tó fi tuntun sí i. Wọ́n là á níbẹ̀, wọ́n gé ẹran díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò mẹ́ta, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́. Ẹbí aláìsàn ló ń gbé e lọ sí láàbù. Dókítà kìlọ̀ pé kí n máa lọ tààrà, kí n má fi ohunkóhun sí i.

Ta ló ń kìlọ̀ fún? Èmi, odidi gírádúéètì, òṣìṣẹ́ báńkì! Ọkọ̀ ò rìn ní Mile One, oòrùn mú, mo bá rò ó pé ẹran yìí máa bàjẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ra kai-kai, ọtí líle tí wọ́n ń pọn níhìn-ín, mo bù ú kún ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tún wá ń yin ara mi, ọ̀dẹ̀ paraku.

Obìnrin láàbù ṣí ọ̀kan, ó yímú.

"Oga, who put kai-kai for this thing?"

"Na me," mo dáhùn pẹ̀lú ìgbéraga. "Make e no spoil."

"Na the germ we wan grow make we see am! You don kill everything. Wetin I go grow now? Your sense?"

Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ò sì lanu gbé mi mì.

Wọ́n ní àfi kí wọ́n tún Bàbá là. Èmi náà ni mo lọ sọ fún un. Ó bi mí pé:

"Ṣé lóòótọ́ lo lọ sí yunifásítì?"

"Mo lọ, sà."

"Wọ́n jẹ owó mi gbé."

Nígbà kejì, àbúrò mi obìnrin ló gbé ìgò lọ, wọ́n sì rí kòkòrò náà. Láti ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n bá ní kí n má ṣe, mi ò kì í ṣe é. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu mi. Èmi ni mo ya òmùgọ̀, Bàbá ni wọ́n là lẹ́ẹ̀mejì.