Àpótí Tó Jẹ̀bi

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá tó jẹ́ pé àpótí ìjókòó ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé, kí tọkọtìyàwó tó ni ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà kan ló pe ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, lẹ́jọ́ pé ó fẹ́ sọ òun di opó nítorí aago ara ògiri.

Ó ní àràárọ̀ ni bàbá náà ń gun àpótí yìí láti yí kọ́kọ́rọ́ aago. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ó já bọ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. Dókítà ní eegun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ nínú, ó fún un lóògùn, ó ní kó máa mu mílíìkì, kó máa rìn nínú oòrùn àárọ̀, kó má sì gun nǹkan kan mọ́.

"Ọjọ́ kejì tí wọ́n tú ọwọ́ wọn sílẹ̀, mo bá wọn lórí àpótí."

Kábíyèsí kọjú sí bàbá. "Ṣé lóòótọ́ lẹ ṣubú?"

"N kò ṣubú, Kábíyèsí. Mo yára sọ̀ kalẹ̀ ni."

"Ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Òun ló kánjú jù mí lọ."

Ó ní bí aago náà bá dúró, gbogbo àdúgbò ni yóò pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ìyá tún fẹ̀sùn kàn án pé ológbò ló ń fún ní mílíìkì. Bàbá dáhùn pé ológbò náà ń dàgbà.

Ẹlẹ́rìí bàbá ni onígbàjámọ̀ tó múlé tì wọ́n. Ó búra pé òun kò rí bàbá lórí àpótí rí.

"Àpótí yẹn kì í tiẹ̀ mì."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo máa ń bá wọn dì í mú. Àfi ọjọ́ tí wọ́n ṣubú, mo ń fárí fún oníbàárà."

Bàbá wò ó bí ẹni ń wo ìṣó tó wọ́. Gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín, àfi ìyá.

"Dókítà ní bí ìbàdí wọn bá lọ ṣẹ́, wọ́n lè má rìn mọ́. Ọdún méjìlélógójì rèé tá a ti ń jà. Ta ni kí n wá máa bá jà?"

Kábíyèsí fi ẹjọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

"Bàbá Káfíńtà, òpó kan rèé, ara rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ inú rẹ̀. Kí lẹ máa ṣe sí i?"

Ojú bàbá là. "Màá fi igi tó le tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, màá tún ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ṣe kó má yọ̀. Òpó bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í fi ṣeré."

"Ẹ ṣeun. Ẹ ti dá ẹjọ́ ara yín."

Kábíyèsí wá kéde pé àpótí ló jẹ̀bi. Kí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ẹsẹ̀ àpótí náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó kàn wọ́n mọ́ ògiri balùwẹ̀, kó máa rí nǹkan dì mú. Kí wọ́n sọ aago kọ́ sí ọ̀gangan ìdodo bàbá. Kó máa mu mílíìkì lójú ìyàwó rẹ̀, kí ológbò ṣe ẹlẹ́rìí. Láràárọ̀, kí àwọn méjèèjì jọ máa rìn nínú oòrùn. Wọ́n lè jà lọ, wọ́n lè jà bọ̀.

Bàbá gbé àpótí mọ́yà. "Kábíyèsí, bí mo bá rẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, kí ni màá wá máa jókòó lé?"

"Ẹ má jókòó. Dókítà ní kẹ́ ẹ máa rìn."