Ìkéde Ọba Àná: A Ti Ṣí Àgádágodo Kúrò Lẹ́nu Gáàsì

Kéé-ké-kéé! Kéé-ké-kéé!

Ará Òkè-Ìrèwẹ̀, ẹ dákẹ́ o! Ẹ pa rédíò! Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín sílẹ̀ ná! Ẹ gbọ́ o, kí ẹ sì tún un gbọ́!

Agogo kọ́ ni mò ń lù. Ìdérí ìkòkò ni. Agogo tí mo fẹ́ rà, wọn ò fọwọ́ sí i nínú ètò ìṣúná ilé wa.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi Ládiméjì Òjẹ́wùmí ni, ọkọ Ìbídùn aránṣọ, bàbá Tiwalolú. Èmi ni ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ omi ìjọba tẹ́lẹ̀, tó fẹ̀yìn tì kí ọjọ́ ó tó pé. Èmi náà ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wa yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, tí mo fi ara mi jọba lórí ìnáwó ilé mi, tí mo ń pariwo òfin sí yín létí bí ẹni pé ilé yín náà wà lábẹ́ mi.

Ọba yẹn ti wàjà! Rárá o, kò kú. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ni. Akígbe ni wọ́n fi í ṣe báyìí. Ìyàwó mi ní ẹnu tó kéde òfin burúkú ló gbọ́dọ̀ kéde ìparẹ́ rẹ̀, ní ibi kan náà, pẹ̀lú ohùn kan náà.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, n kò tíì pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́! Mo ní kí n sinmi nígbà tí orúnkún ṣì lágbára. Wọ́n san owó kan fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó tó jọ pé kò ní tán láyé. Ẹ̀yin ará, owó tó jọ pé kò ní tán ló máa ń yára tán jù! Mo ra àga tó ń nà gbalaja. Mo ra tẹlifísàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ ju ògiri lọ. Mo gbẹ́ adágún ẹja sẹ́yìn ilé, nítorí Alàgbà Fáníyì, aládùúgbò mi, sọ fún mi pé, "Ọ̀gá Ládi, ẹja àrọ̀ ò mọ̀ ju kó jẹun kó sanra lọ." Òótọ́ ló sọ. Kò kàn sọ ẹni tí yóò máa bọ́ ọ ni.

Owó oṣù ò wọlé mọ́. Owó ìfẹ̀yìntì ń bọ̀ bí ìgbín, ó sì máa ń sinmi lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lónìí: ẹ̀rù ló bà mí, kì í ṣe pé ọgbọ́n pọ̀ lórí mi. Ọkùnrin tí ẹ̀rù ń bà kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Òfin ló máa ń ṣe!

Mo ṣòfin! Mo fi àgádágodo sẹ́nu gáàsì. Mo ní igi ìdáná la ó máa lò. Igi wọ́n ju gáàsì lọ, àmọ́ òfin ni òfin! Mo pa fìríìjì nítorí owó iná. Ọbẹ̀ kan bàjẹ́, a dà á nù. Ìkejì bàjẹ́, a dà á nù. Ìkẹta, mo fi agídí jẹ ẹ́, ikùn mi sì gbẹ̀san. Mo gbọ́ pé ata pọ̀ lọ́jà abúlé kan lọ́hùn-ún, pé kò sì wọ́n. Mo gun ọ̀kadà lọ, mo gun ọ̀kadà bọ̀. Ìbídùn wo ata náà, ó wo ojú mi. Ó ní, "Bàbá Tiwa, ata tó gun ọ̀kadà wá sílé báyìí, ṣé ká tẹ́ ẹní fún un kó sinmi ni?"

N kò rẹ́rìn-ín. Ọba kì í rẹ́rìn-ín nídìí ìṣúná.

Ó bẹ̀ mí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jókòó ká jọ wò ó. Èmi náà ń ránṣọ, nǹkan ń wọlé díẹ̀díẹ̀." Mo ní kò sí ohun tí a fẹ́ jọ wò, olórí ilé kan ló wà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ wá bá mi, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fa omi wọn ti bàjẹ́, wọ́n ní àwọn yóò sanwó. Mo lé wọn! Mo ní ọ̀gá àgbà ni mí, n kì í ṣe ẹni tó ń tú ẹ̀rọ láti ojúlé dé ojúlé. Mo padà sórí àga tó ń nà gbalaja, mo mu gààrí tí kò ní ṣúgà.

Ẹja ń jẹ láàárọ̀. Ẹja ń jẹ nírọ̀lẹ́. Nígbà tí oúnjẹ ẹja tún gbówó lérí, mo wá ibi tí mo lè gé. Mo wò ó títí. Mo rí ibi kan tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Mo kọ́kọ́ ń fo ọjọ́ kan, ọjọ́ kan. Nígbà tó yá, n kò rà á mọ́ rárá. Mo ń yin ara mi. Mo ní ara mi le.

Ará Òkè-Ìrèwẹ̀, ara mi kò le!

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni. Mo ń da oúnjẹ sí adágún. Ojú mi ṣú. Ilé ń yí. Ẹja ń yí. Mo gbọ́ ìgbà tí ike oúnjẹ ẹja bọ́ lọ́wọ́ mi, n kò gbọ́ ìgbà tí èmi fúnra mi ṣubú. Ìbídùn ló gbọ́. Ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, ó sáré jáde pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó kó sínú ẹrẹ̀, ó di orí mi mú kí imú mi má bàa wọ omi. Ẹ̀yin kan nínú yín gbọ́ igbe rẹ̀. Alàgbà Fáníyì bá a gbé mi sínú bárò, wọ́n sì tì mí dé títì, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti gbé wa lọ sọ́sibítù. Ọba nínú bárò! Ẹsẹ̀ ọba ń wọ́ nílẹ̀!

Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Ó tún un wọ̀n. Ó ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ lo oògùn yín kẹ́yìn?"

Mo wo àjà.

Ìbídùn bá mi dáhùn. Ó ní, "Ó ń lò ó lójoojúmọ́ o. Ọkọ mi kì í fi oògùn ṣeré."

Mo ṣì ń wo àjà. Ó yíjú sí mi. Ó wò mí báyìí, ó sì mọ̀.

Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ pariwo. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹrẹ̀ adágún ṣì wà lára ìró rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Tiwa, ṣé ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń ta pósí kẹ́ ẹ tó dá oògùn dúró?" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo wo ojú rẹ̀, omijé ló kún ibẹ̀. Ó ní, "Bí owó bá tán, a ó rí òmíràn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọjà wo ni mo ti fẹ́ lọ ra ẹ̀yin?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n lu ìdérí ìkòkò yìí díẹ̀. 

Kéé-ké-kéé!

A ta àwọn ẹja náà kí wọ́n tó dàgbà, a fi sanwó ọsibítù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹja máa bọ́ mi.

Nígbà tí ara mi mókun, Ìbídùn tẹ́ ẹní sílẹ̀. Mo jókòó. Mo jẹ́wọ́ owó tó kù àti èyí tó ti tán. Lórí ẹní yẹn ni òfin tuntun ti jáde. Ẹ tẹ́tí!

Òfin kìíní! Oògùn ni a ó kọ́kọ́ rà, kí a tó ra ìrẹsì, kí a tó ra epo. Ẹni tó bá fo ọjọ́ kan, ẹnu ọ̀nà níbí ni yóò ti gbé e mì, yóò la ẹnu, yóò gbé ahọ́n sókè, kí aládùúgbò wò ó bóyá ó ti lọ!

Òfin kejì! A ti ṣí àgádágodo kúrò lẹ́nu gáàsì. Ẹni tó bá tún fi sí i, ọrùn rẹ̀ ni yóò fi kọ́ ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì!

Òfin kẹta! Ata tó ń gun ọ̀kadà ti di èèwọ̀. Èèwọ̀! Èèwọ̀!

Òfin kẹrin kàn yín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá sọ fún mi mọ́ nípa ẹja, ìgbín, oyin tàbí ọ̀yà. Ẹni tó bá mọ òwò tó ń pa owó láìlàágùn, kó lọ ṣe é nílé ìyá tirẹ̀! Alàgbà Fáníyì, mo rí yín lẹ́yìn pákó yẹn.

Òfin karùn-ún ni mo bá Ìbídùn jà lé lórí jù, òun ló sì borí. Ọ̀gá àgbà ti kú, ẹni tó ń tú ẹ̀rọ ló kù. Ẹ̀rọ omi tó bá kọ̀ tí kò fa omi mọ́, ẹ gbé e wá. Mo ti bá ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ tún tiwọn ṣe. Wọ́n sanwó, wọ́n sì gbàdúrà lé e. Ẹ̀yin, owó nìkan ti tó.

Owó tó bá wọlé, ẹní la ó kó o sí. Ojú mẹ́rin ni yóò máa wò ó. Bí ó bá kéré, a jọ máa mọ̀ pé ó kéré. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò mọ bí oorun ṣe dùn tó láti ìgbà tí ẹ̀rù náà ti di ti èèyàn méjì.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rán mi nìyẹn. N kò bu iyọ̀ sí i, n kò sì bu omi là á. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó lọ sóko. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rẹ́rìn-ín mi láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rín tirẹ̀ bá pọ̀ jù nínú yín, kó rẹ́rìn-ín tán, kó wọlé lọ wo ike oògùn tirẹ̀.

Kéé!