Bí Tíṣà Ẹkúndayọ̀ Ṣe Ṣẹ́gun Òkun Títí Dé Ìdodo

Ẹ bá mi wárí fún Gébúrẹ́lì Ẹkúndayọ̀, tíṣà àgbà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìjọ fún ọdún mọ́kànlélógún, ọmọ àwọn tó ń gbé orí àpáta wo kùrukùru nísàlẹ̀, ọmọ ọmọ Fábùnmi a-rìn-ọjọ́-méjì-yí-odò-po, ẹni tí odò tí kò mu ju orúnkún lọ dínà fún, tó ní òun kò bá omi ṣọ̀tá, tó sì fẹsẹ̀ rìn yí i ká títí dé orísun rẹ̀. Nínú ìdílé náà, láti ìgbà ìwáṣẹ̀, omi kò gbé ẹnì kankan lọ rí, nítorí kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn.

Ní Sátidé kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, akọni yìí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Màmá Dọ́kásì àti Bàbá Náhúmù, tí wọ́n jọ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wọ ọkọ̀ ojú omi elẹ́ńjìnnì. Ìgè ọlọ́kọ̀ gbé wọn lọ sí kọ̀rọ̀ òkun kan tí omi rẹ̀ mọ́ gaara. Oṣù méjì gbáko ni Màmá Dọ́kásì fi kọ́ omi wíwẹ̀ nínú adágún òtẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ Ajé, dókítà yóò fi ọ̀bẹ kan orúnkún rẹ̀. Ó fẹ́ kí òkun gbé òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọ̀bẹ tó dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ wọ omi? Ẹkúndayọ̀ fi ọdún méjì ju Dọ́kásì lọ, ó sì fi ọjọ́ mọ́kànlá ju Náhúmù.

"Ẹ máa wọlé, mo yọ̀ǹda," ni Tíṣà wí, ó di etí ọkọ̀ mú.

"Ká fi yín sílẹ̀ lókè, ká wọlé ṣáájú?" ni Màmá Dọ́kásì dáhùn. "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní wọn ò kọ́ mi nílé ni?"

"Ọjọ́ mọ́kànlá kì í ṣe ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi," ni Náhúmù wí, ó ń bó ẹ̀pà jẹ.

"Ẹ̀yin àgbà," ni Ìgè wí, "bí omi bá fà tán, ọkọ̀ yìí ò ní lè kọjá orí yanrìn yẹn mọ́. Wákàtí kan ló kù."

Akọni ní òun yóò gbàdúrà. Ó gbàdúrà fún ọkọ̀, fún ẹ́ńjìnnì, fún gbogbo ìjọ tó wà létí òkun; ó ti dé orí àwọn opó àti aláìlóbìí nígbà tí Náhúmù ṣe àmín kan tó le tó bẹ́ẹ̀ tí àdúrà náà fi parí. Nígbà tí Tíṣà lajú, ó rí Màmá Dọ́kásì tó ń fọwọ́ pa orúnkún, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára omi. Kò sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyàwó Tíṣà náà, kó tó sùn nínú Olúwa lọ́dún tó kọjá, ṣe máa ń dákẹ́ bó bá ń fẹ́ ohun tí kò ní bèèrè.

Nígbà náà ni ogun bẹ̀rẹ̀. Tíṣà de awò abẹ́ omi mọ́jú bí jagunjagun ti ń de àmùrè; ó fi ọ̀pá oníhò tí a fi ń mí sẹ́nu bí ẹni gbé fèrè ogun; ó sọ àkàbà onípele mẹ́ta kalẹ̀, ó sì sinmi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ti ìlú dé ìlú. Omi gba kókósẹ̀, kò yẹ̀. Omi gba orúnkún, níbi tí Fábùnmi ti pẹ̀yìn dà, kò yẹ̀. Ní ìdodo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ilẹ̀. Àjànàkú wọ omi, ẹ má sọ pé ẹ rí nǹkan fìrí. Ó tẹrí ba, ó ki ojú bọ òkun.

Gbogbo ayé dákẹ́. Ìdákẹ́ náà kò sì ṣófo bíi ti ilé rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń jó lórí yanrìn nínú rẹ̀. Ẹja abilà kan, tí kò tó àtàǹpàkò, wẹ̀ wá síwájú awò, ó tẹjú mọ́ ọn. Tíṣà náà tẹjú mọ́ ọn, ojú kan náà tí ẹgbẹ̀rún ọmọ iléèwé ti rí tí wọ́n jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò tilẹ̀ ṣe. Wọ́n wo ara wọn pẹ́. Ẹja ló kọ́kọ́ yí padà.

Aṣẹ́gun gbérí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì kéde ìṣẹ́gun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ọ̀pá lẹ́nu, ohùn rẹ̀ sì jáde gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ọkọ̀ òkun bá ń fọn fèrè ní èbúté.

"Kí ló wí?" ni Náhúmù bèèrè.

"Ó ní ká wọlé," ni Màmá Dọ́kásì wí, ó sì ti wọlé. Omi gbé e. Ó na gbọọrọ lórí rẹ̀, orúnkún kò wúwo mọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Nítorí náà, kí ará òkè gbọ́, kí ará odò gbà: láti òní lọ, gbogbo òkun ibẹ̀, láti kókósẹ̀ dé ìdodo, abẹ́ àṣẹ Gébúrẹ́lì Ẹkúndayọ̀ ló wà. Ìyókù, títí dé ibi tí ojú ò tó, ti Màmá Dọ́kásì ni.