Bí Làsísì Ṣe Ṣẹ́gun Awọ Ẹyin

Ẹ ṣí fìlà, ẹ̀yin tí ẹ dé e! Ẹni tí ń bọ̀ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni nínú gbogbo àwọn tí ń fọ ìgò ní yunifásítì. Làsísì ọmọ Oyèkàn ni, ọmọ ahunṣọ-bí-ẹni-hun-irin ará Ìsẹ́yìn, ọmọ-ọmọ ìyá tí ó ran òwú títí tí àgbẹ̀ olówùú fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sinmi. Ogún ọdún ni ó ti ń fọ ìgò, kò sì sí ìgò tí ó fọ̀ tí ó tún láyà láti dọ̀tí.

Ṣùgbọ́n ogun dé. Dókítà Ìbíyẹmí, ọ̀gá yàrá ìwádìí tí Làsísì ti ń ṣiṣẹ́, ń wo bí ọlẹ̀ inú ẹyin ṣe ń di ọmọ adìyẹ. Yóò fọ́ ẹyin, yóò yọ awọ fẹ́lẹ́ tí ó bo pupa rẹ̀, yóò tẹ́ ẹ lé orí òrùka gíláàsì kékeré, ọlẹ̀ á sì máa dàgbà lórí rẹ̀. Pẹlẹbẹ bí ewé ni ọlẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni yóò fún ara wọn pọ̀ bí ẹni fa okùn ṣòkòtò, tí yóò fi ká di ọ̀pá oníhò tí ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn yóò ti jáde. Mọ́kànlá ni Dókítà ti tẹ́, mọ́kànlá ni kò ká. Ó wo òrùka, ó wo Làsísì, ó ní ọṣẹ tó kù lára òrùka tí Làsísì fọ̀ ló bà wọ́n jẹ́. Ẹyin kan ṣoṣo ló kù. Bí ìyẹn náà kò bá ká, Làsísì ń lọ gé koríko nínú ọgbà nìyẹn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí kò mọ ìgò fọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ó tọrọ ààyè, ó fi ojú sí maikirosikóòpù, ó sì rí i pé awọ ẹyin ìkẹyìn tí Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ti sún jọ. Nílé bàbá rẹ̀, òkúta ni wọ́n ń so mọ́ ìdí òwú òfì kí ó lè le. Ẹni tí òwú rẹ̀ bá dẹ̀, wọ́gọwọ̀gọ ni yóò hun.

"Dókítà, ẹ má bínú," ló wí. "Àwọn sẹ́ẹ̀lì yín ń fà, ṣùgbọ́n awọ dẹ̀, ó kàn ń tẹ̀lé wọn ni. Ẹ jẹ́ n fà á le."

"Ẹ̀gbọ́n, ó máa ya o!"

"Bó bá ya, èmi fúnra mi ni màá lọ mú àdá."

Nígbà náà ni akọni gbé ẹ̀mú méjì tí ẹnu wọn kò ju ẹnu èèrà lọ, ó dojú kọ awọ tí ó fẹ́lẹ́ ju èémí lọ, ó fà á síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó fà á sọ́tùn-ún, ó fà á sósì, díẹ̀díẹ̀. Erin ìbá wà níbẹ̀, ìbá dá ẹsẹ̀ dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko ni kò fi mí. Ẹ̀rù bà á gan-an. Awọ kò ya.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dókítà fi ojú sí ẹ̀rọ, kò tètè gbé e kúrò. Etí ọlẹ̀ náà méjèèjì ti ká pàdé. Ọ̀pá náà dúró gbọingbọin, gígùn rẹ̀ kò ju ti wóró ìrẹsì lọ.

"Ọṣẹ kọ́ o," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n Làsísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Nítorí náà kí ayé gbọ́, kí ọ̀run ó gbà á bẹ́ẹ̀: láti òní lọ, ẹni tí ọlẹ̀ rẹ̀ kò bá ká, kí ó wo awọ kí ó tó dárúkọ ọṣẹ, kí gbogbo adìyẹ tí ó bá ní ọ̀pá ẹ̀yìn sì dìde kí ọmọ Oyèkàn!

Akọni alára kò gbọ́ ìkéde yìí. Ó ti wà nídìí omi, ó ń fọ àwọn òrùka tó kù, ó sì da ọṣẹ sí wọn dáadáa.