Olóòtú Ìṣẹ́jú Mẹ́rin

Ẹ bá mi kí Sànúsí, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn tó ń lẹ táyà ní Òkè-Ogbò, nílùú Ilé-Ifẹ̀! Awú-bí-táyà-tírélà! Ó ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó tún ń wúkọ́ tó bá sọ ọ́ tán, kí ayé lè mọ ibi tí ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Pè é ní "Ọ̀gá Sànúsí", kò ní gbọ́. Pè é ní "Ààrẹ", kíá ni etí rẹ̀ á là.

Ẹgbẹ́ ní ẹ̀rọ ńlá kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni ín. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Ààrẹ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jí. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á kọ́kọ́ kí Ààrẹ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn aṣòfin ẹgbẹ́, àwọn mẹ́sàn-án tí Habibah jẹ́ olórí wọn, fẹ́ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin wọn dà bíi ti Amẹ́ríkà: ààrẹ kì í ṣe aṣòfin, yíyọ rẹ̀ sì gùn ju ojú irin lọ. Ìwé ẹ̀sùn, ìwádìí, ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ààrẹ ò kúrò, àárẹ̀ ló mú wọn.

Òfin kan náà ló sọ pé ọdún mẹ́jọ péré ni ààrẹ lè lò. Ó wá ku oṣù kan.

Lọ́jọ́ kan, ó ń lẹ táyà fún Tèmítọ́pẹ́, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama nípa ìjọba.

"Tíṣà, ṣé kò síbì kankan láyé tí ọdún olórí kì í pé ni?"

"Ó wà. Nílùú Ọba, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin ló ń jẹ́ Olóòtú Ìjọba. Wọn ò ka ọdún fún un. Ó lè wà níbẹ̀ títí, níwọ̀n ìgbà tí…"

"Títí! Ó tó bẹ́ẹ̀, Tíṣà! Ẹ má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Tíṣà gbé táyà rẹ̀, ó lọ pẹ̀lú ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ní Sátidé, Sànúsí pèpàdé síwájú ṣọ́ọ̀bù. Kóòtù dúdú ló wọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ìjọba ti Amẹ́ríkà yìí ti gbó. Ẹ jẹ́ ká ṣe ti Ìlú Ọba. Ẹ sọ mí di aṣòfin, kí ẹ fi mí jẹ Olóòtú. Àwọn àgbà ní, àga tó bá ti mọ ìdí ẹni, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn dìde lórí rẹ̀."

Àgbà tó dàgbà jù níbẹ̀, Bàbá Adébíyìí, adájọ́ ẹgbẹ́, ní òun ò gbọ́ òwe náà rí.

Sànúsí ti múra ìjà sílẹ̀. Habibah ò jà. "A gbà, sà," ló wí. Gbogbo wọn nawọ́. Inú Sànúsí dùn débi pé ó gbàgbé láti wúkọ́.

Bàbá Adébíyìí búra fún un. Àwọn ọlọ́kadà tó ń wòran pàtẹ́wọ́. Olóòtú jókòó, ó ní, "Ní ogún ọdún tó ń bọ̀…"

Habibah dìde. "Ilé ìgbìmọ̀ yìí ò gbẹ́kẹ̀ lé Olóòtú mọ́. Ẹni tó bá ní kó lọ, kó nawọ́."

Ọwọ́ mẹ́sàn-án gòkè.

"Ẹ dúró! Ìwé ẹ̀sùn ńkọ́? Ìwádìí ńkọ́?"

"Ti Amẹ́ríkà nìyẹn, sà. Nílùú Ọba, ìbò kan péré ni. Èmi jẹ́ kí Tíṣà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní tèmi."

Sànúsí yíjú sí adájọ́. "Bàbá, ẹ dá wọn lẹ́kun!"

"Ọmọ mi, níbi tó o kó wa lọ yẹn, adájọ́ kì í fagi lé ohun tí ilé aṣòfin bá ṣe."

"Ẹ dá mi padà sí ti Amẹ́ríkà!"

"Èyí tó o ní ó ti gbó?"

Ẹ̀rín gba gbogbo títì kan. Wọ́n yí ẹ̀rọ náà lọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ lójú rẹ̀. Abdulwahab, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà, wo fóònù. "Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Kò tó láti lẹ táyà kan!" Àánú ṣe é ṣá. "Olóòtú, ẹ gun ọ̀kadà, kí n gbé yín délé."

"Ilé kẹ̀?" Òógùn ti rin kóòtù. "Àdùkẹ́ ìyàwó mi ló ń ṣòfin níbẹ̀, òun ló ń pàṣẹ, òun náà ló ń dájọ́. Mo sì ti ní kó máa pè mí ní Olóòtú Títí Ayé láti àárọ̀. Jọ̀ọ́, máa fi mí yí ìlú ká ná."