Ọkọ̀ Tí Odùlátẹ̀ Kàn De Mọrádéwùn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà etí ọ̀sà fi ń sọ pé ọkọ̀ tó bá ju ọ̀nà odò lọ, ilé ni?

Nígbà ogun Hítílà, ìjọba ń wá ọkọ̀ ńlá tí yóò máa kó èkùrọ́ lọ sí Èkó. Inú Odùlátẹ̀ tó ń kan ọkọ̀ dùn, kì í ṣe torí èkùrọ́. Èkó ni Mọrádéwùn, ìyàwó rẹ̀, wà. Ọjọ́ tó bínú lọ, ohun tó sọ ni pé:

“Gbogbo ayé lẹ̀ ń kan ọkọ̀ fún, ẹ ò fi ọ̀kan gbé mi rí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi tiyín wá mi, màá bá yín bọ̀.”

Etí omi làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kan tiwọn. Odùlátẹ̀ ní tirẹ̀, àgbàlá ló ti kàn án, lábẹ́ igi ọsàn tí Mọrádéwùn máa ń jókòó sí.

Bí èrò Èkó bá ti dé, á sáré pàdé wọn.

“Ẹ rí i?”

“A rí i. Ó ra ìkòkò tuntun.”

Á padà sílé, á fi pákó mẹ́ta kún ọkọ̀, kí ìkòkò lè ráyè. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní ó rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn dárúkọ Odùlátẹ̀. Háà! Odidi yàrá ló fi kún ọkọ̀, fèrèsé méjì!

Ọjọ́ tí ọkọ̀ parí, gbogbo ìlú fà á gba ọ̀nà odò títí dé ẹ̀gbẹ́ ilé Baálẹ̀. Ó há.

“Ẹ fà á! Ó ń retí mi!”

Wọ́n fà á. Ògiri balùwẹ̀ wó. Baálẹ̀ rèé nínú ọṣẹ.

“Hítílà ti dé ni?”

“Rárá, Bàbá. Ìyàwó Odùlátẹ̀ ló fẹ́ dé.”

“Ẹ dá a padà! Ìyàwó oníyàwó ò ní tú mi nílé!”

Wọ́n tì í padà sábẹ́ ọsàn. Ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn kó èkùrọ́ títí ogun fi parí. Ewúrẹ́ ló ń wọ tirẹ̀. Nírọ̀lẹ́, Odùlátẹ̀ á jókòó níwájú rẹ̀, á kọjú sí ọ̀nà Èkó.

Àfi bí Mọrádéwùn ṣe wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tòun ti ẹrù lórí.

“Ẹ ò wá.”

“Mo ń bọ̀ ni.”

Ó gòkè, ó wo inú ọkọ̀ yíká. Ló bá lé ewúrẹ́ jáde, ó tẹ́ ẹní.

Baálẹ̀ ń kọjá lọ. “Odùlátẹ̀, ìgbà wo lọkọ̀ yìí fẹ́ dé omi?”

Mọrádéwùn yọrí lójú fèrèsé, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kan ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó wọlé o. Ọkọ̀ tó bá ju ọ̀nà odò lọ, ilé ni.”