Ta Ló Bu Sìmẹ́ńtì Sójú Ọkọ Mi?

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé láyé, kódà bí mo bá gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó ara mi. Ọjọ́ náà ni àwọn onífíìmù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó-Èkìtì, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ mi han gbogbo ayé.

Ère sìmẹ́ńtì ni mò ń ṣe. Bí ẹ bá rí kìnnìún méjì tó jókòó sẹ́nu géètì nígboro Adó, tí wọ́n ń wojú èèyàn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ère orí ibojì ni iṣẹ́ mi gan-an. Bí àgbàlagbà kan bá kú, táwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé ère rẹ̀ sórí sàréè níwájú ilé, èmi ni wọ́n ń wá. Obìnrin ni mí. Ṣòkòtò ni mo fi ń ṣiṣẹ́, mo máa ń kun ètè mi kí n tó po sìmẹ́ńtì, rédíò mi kì í sì í dákẹ́ títí tí mo fi máa ṣíwọ́.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. A kì í dá ojú ère ṣe. Agbádá, bàtà, ọ̀pá ọwọ́, èmi nìkan lè ṣe ìyẹn. Tó bá wá ku ojú, mo máa ń ránṣẹ́ sí àwọn tó ni òkú. Wọn á wá jókòó tì mí, wọn á sì máa bá mi jà: ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá ò yọ tó báyìí, ta ló ní kí n fa etí wọn gùn. Èmi á máa bu sí i, èmi á máa gé e kúrò. Ìgbà tí gbogbo wọn bá dákẹ́ ni mo máa ń mọ̀ pé ojú náà ti jọ.

Ère tó wà nílẹ̀ nígbà náà jẹ́ ti ọ̀gá iléèwé kan tó kú sí Ìgbẹ́mọ. Ìyàwó rẹ̀ náà ti ṣe tíṣà rí, Màmá Tíṣà la sì ń pè é. Ojú ń dun Màmá gan-an. Dókítà ti sọ fún un pé kò ní pẹ́ mọ́ tí kò fi ní ríran. Ó ní kí n jẹ́ kó jọ ọ́ dáadáa, torí òun fẹ́ rí ọkọ òun lẹ́ẹ̀kan sí i kójú òun tó bàjẹ́ tán. A jà lórí imú yẹn débi pé mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Nígbà tó yá, Màmá dákẹ́. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère náà, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá." Mo yíjú sẹ́yìn, mo ń díbọ́n pé mò ń wá síbí ìrẹ́lé mi. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ṣí aṣọ lójú ère náà.

Ọjọ́ Tọ́sìdeé làwọn onífíìmù dé láti Èkó, dírẹ́kítọ̀ àti ẹni tó ń gbé kámẹ́rà. Ọmọlúwàbí ni dírẹ́kítọ̀ yẹn o, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Bó ṣe dìde tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún mi ṣe. Ó ní kí n nu ètè mi. Ó ní kí n ṣí fìlà orí mi, kí n sì ró ìró. Mo lọ yá ìró lọ́wọ́ aládùúgbò mi, mo ró o lé ṣòkòtò mi lórí, ni mo bá rí bí àpò iṣu. Ó ní kí n pa rédíò. Ó gbé gíráíńdà mi, ẹ̀rọ tí mo fi ń gé sìmẹ́ńtì tó ti le, pa mọ́ sẹ́yìn táńkì omi, ó ní ṣé irinṣẹ́ ìyá ìyá mi ò sí nílé ni. Mo ní iyọ̀ ni ìyá ìyá mi ń tà. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo ní bíríkìlà kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni. Ó ní ṣé a ò lè sọ pé ojú àlá ló ti wá. Mo sọ fún un pé ohun tí mò ń rí lójú àlá ni pé mo wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò láì mú bírò dání. Kò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ ya ìgbà tí ojú ère ń jáde bọ̀. Mo ní ojú ti jáde tán. Ó ní kí n kàn bu sìmẹ́ńtì díẹ̀ bò ó, kí n wá nù ún kúrò níwájú kámẹ́rà. Mo kọ́kọ́ fi náílọ́ọ̀nù bo ojú náà kí sìmẹ́ńtì má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní náílọ́ọ̀nù ń dán nínú kámẹ́rà. Ó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni, Mọ́mì. Èmi, àgbà obìnrin, mo bá yọ náílọ́ọ̀nù. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Àwọn tá a jọ lọ sílé ìwé tí wọ́n ń pè mí ní ìyàwó bíríkìlà ni mò ń rò, pé wọ́n á rí mi lórí tẹlifíṣọ̀n.

Mo ti mú fóòmù tó tutù dání láti nù ún nígbà tó ní kí n kọ́kọ́ gbójú sókè ná. Kámẹ́rà kan tó ń fò bí ẹyẹ ti wà lókè. Mo gbójú sókè. Òjò ti ṣú lápá kan, àpò sìmẹ́ńtì mi sì wà níta, mò ń wò ó bóyá yóò rọ̀. Dírẹ́kítọ̀ ní kí n má ṣe mira, pé ojú yẹn gan-an lòun ń wá. Níbi tá a ti ń wòkè ni atẹ́gùn ti gbé kámẹ́rà náà lọ sórí òrùlé aládùúgbò. Gbogbo wa sáré. Àkàbà mi la gbé, èmi ni mo dì í mú, ìró ń tú lára mi. Ká tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ti lé ní wákàtí kan, òòrùn ti yọ padà, kò sí òjò kankan mọ́. Nígbà tí mo padà dé ìdí ère, tí mo fi fóòmù kàn án, ó ti le bí òkúta.

Àfi bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é, Màmá Tíṣà wọlé. Fìlà ọkọ rẹ̀ ló mú wá, kí n lè rí àwọ̀ tí mo máa fi kun ti ère. Ó sún mọ́ ọn, ó tún sún mọ́ ọn sí i. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ta ló bu sìmẹ́ńtì sójú ọkọ mi?"

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Mo ní èmi ni, Mà. Ni mo bá gbọ́ tí dírẹ́kítọ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé kó ya omijé Màmá. Màmá ò tiẹ̀ sunkún. Ibẹ̀ ni orí mi ti gbóná. Mo tú ìró sọ nù. Mo dé fìlà mi, mo kun ètè mi, mo tan rédíò dé òkè, mo sì lọ fa gíráíńdà yọ lẹ́yìn táńkì.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ya iṣẹ́," mo ní, "iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ máa yà á."

Wọ́n yà á díẹ̀. Eruku bò wọ́n. Dírẹ́kítọ̀ ní ariwo ti pọ̀ jù, ó ní Màmá dí ìmọ́lẹ̀, ṣé Màmá lè sún sẹ́yìn díẹ̀. Màmá wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó pẹ́ dé iléèwé.

"Ọmọ mi, ọkọ ta ni?"

Òun ló sún sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó ẹrù wọn.

Nígbà tí mo gé sìmẹ́ńtì yẹn kúrò, imú Ọ̀gá bá a lọ. A tún un bẹ̀rẹ̀. Tínú bá ń bí Màmá, Èkìtì ló máa ń sọ: umú ọkọ òun kọ́ nìyí, umú ọkọ òun kọ́ nìyẹn. Mo fèsì, ó fèsì, a fi iyán sílẹ̀ láìjẹ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n ṣí aṣọ, Màmá dúró síwájú ère yẹn títí tí wọ́n fi gbé àga wá fún un.

Fíìmù jáde. Wọ́n pè mí wá wò ó ní gbọ̀ngàn kan nígboro Adó, mo sì mú Màmá lọ. Èmi rèé tí mo ró ìró, tí mò ń wo sánmà. Fèrè ń dún. Ohùn ọkùnrin kan ń sọ pé obìnrin yìí máa ń dá wà, pé ó ń dúró de ohùn àwọn òkú kó tó fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì. Kò sí rédíò, kò sí gíráíńdà. Màmá na ọrùn síwájú, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé ojú mi ni ò rí mi ni, àbí mi ò sí níbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ ò sí níbẹ̀, Mà."

Nígbà tí wọ́n pè mí pé kí n wá dúpẹ́, mo fa Màmá dání, a jọ gorí pèpéle. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní òjò ni mò ń wò lókè níbẹ̀ yẹn, torí àpò sìmẹ́ńtì mi wà níta. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró títí wọ́n fi rín in tán, mo wá ní, "Ẹ wo ẹni tá a jọ ṣe ojú yẹn. Òun nìyí." Dírẹ́kítọ̀ pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí eyín ń dùn.

Látìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ya iṣẹ́ mi á ya ètè mi mọ́ ọn, á sì gbọ́ rédíò mi. Bí ẹ bá sì rí mi pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù lójú ère, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí, mi ò ní yọ ọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ṣì máa ń kí mi lójú ọ̀nà pé, "Mọ́mì, kí làwọn òkú wí lónìí?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé wọ́n ní kí n gbé sìmẹ́ńtì mi wọlé, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín ara mi délé.